Ọ̀pá ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ tó bàjẹ́: bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó ṣeé tún ṣe àti èyí tó yẹ kí ẹ pààrọ̀

Bí ẹ bá lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ìbọn àtijọ́ ní gbàǹjo ní England, ohun kan náà ni ẹ ó máa rí. Olùrà á gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n rọ ní Birmingham tàbí London láyé ọjọ́un, á tú ọ̀pá rẹ̀, á gbé e síwájú iná, á rí i pé inú rẹ̀ ń dán gbinrin, á sì sọ pé ọ̀pá yìí dára. Ó di ilé kó tó rí i pé ibì kan ti tẹ̀ wọnú. Á wá gbé e lọ bá ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ní òòlù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣìnà yẹn.

Ọ̀pá tó ti gbó gan-an lè máa dán ju tuntun lọ, torí pé wọ́n ti ha inú rẹ̀ léraléra. Ohun tó ń mú ọ̀pá ìbọn dúró ni ìnípọn irin rẹ̀. Fífá ni o, híha ni o, rírẹ́ ni o, gbogbo rẹ̀ ló ń bu irin jẹ, irin tó bá sì ti lọ kò tún padà wá mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wọn ọ̀pá kí ẹnikẹ́ni tó fi irinṣẹ́ kàn án.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ìbọn kejì tí mo rà ní ibì kan tó wú lára ọ̀pá òsì. Mo gbé e fún alátùn-únṣe kan, ọjọ́ kẹta ló dá a padà, ibẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, inú mi sì dùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá alágbẹ̀dẹ ìbọn kan bá mi wọ̀n ọ́n, tó wá fi hàn mí pé fáìlì ni wọ́n fi fá ibi tó wú náà kúrò. Irin tó kù níbẹ̀ kò ju ìdá 12 nínú 1,000 ínǹṣì lọ, ìyẹn nǹkan bí 0.3 mm. Mo ti yin ìbọn yẹn tó igba ìgbà pẹ̀lú ọwọ́ òsì mi lórí ibẹ̀ gan-an. Mi ò fẹ́ kí ó ṣe ẹlòmíì.

Ìtọ́sọ́nà yìí kò ní sọ ẹnikẹ́ni di alágbẹ̀dẹ ìbọn. Àyẹ̀wò àti ìwọ̀n ni iṣẹ́ tiyín. Lílù, jíjó àti gígé jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ. Ní England, Òfin Ìbọn ọdún 1968 ní kí ẹni tó bá ní ìbọn ọdẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí ẹni tó bá sì ń fi àtúnṣe rẹ̀ ṣòwò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, òfin tibẹ̀ náà kò gbà kí èèyàn máa tún ìbọn ṣe láìgbàṣẹ. Ẹ lè yẹ tiyín wò, ẹ má fọwọ́ ara yín tún un ṣe.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ọ̀pá ìnubọn, aṣọ funfun mélòó kan, àti epo ìbọn díẹ̀.
- Fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gbà wọlé, tó ní igi tàbí irin tó tọ́ gbọọrọ láàárín. Tọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.
- Téèpù tí ẹ lè kọ nǹkan sí lára, ìwé, àti pẹ́ńsù.
- Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lágbára.
- Ohun èlò tó ń wọn fífẹ̀ ihò ọ̀pá láti inú, àti èyí tó ń wọn ìnípọn ògiri ọ̀pá.

Méjì tó kẹ́yìn yìí lówó lórí. Bí ẹ kò bá ní wọn, ẹ bẹ alágbẹ̀dẹ ìbọn kó wọ̀n ọ́n lójú yín, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń pè é. Ẹ má fi kálípà lásán ṣe é. Ẹnu ọ̀pá nìkan ni kálípà lè dé, ẹnu ọ̀pá sì ni irin ti sábà máa ń nípọn ju àárín lọ, torí ibẹ̀ ni ihò rẹ̀ ti fún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi ìwọ̀n ẹnu tan ara wọn jẹ.

Ìpele 1: Ẹ tú u, ẹ nu ún

Ẹ ṣí ìbọn, ẹ wo ilé ọta méjèèjì, ìyẹn ibi tí katiríìjì máa ń jókòó sí ní ìdí ọ̀pá. Ojú nìkan kò tó, ẹ ki ìka bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ igi iwájú, ẹ ṣí ìbọn padà, kí ẹ sì gbé ọ̀pá kúrò lára ìkọ́ rẹ̀. Láti ìdí ni kí ẹ ti máa ki ọ̀pá ìnubọn wọlé, kì í ṣe láti ẹnu.

Ibí ni àwọn kan ti máa ń kánjú. Òjé tí ọta wẹ́wẹ́ fi sílẹ̀ àti ike tó yọ́ lára katiríìjì máa ń dí ihò ìpẹtà, ìyẹn àwọn ojú wẹ́wẹ́ tí ìpẹtà ti jẹ sára irin, ojú á sì rò pé ibẹ̀ tẹ́jú. Epo tó bá pọ̀ jù náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ nu ún títí ẹ ó fi rí irin fúnra rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí ti parí bí aṣọ funfun mẹ́ta tí ẹ kì bọ̀ ọ́ tẹ̀ léra wọn bá jáde ní funfun.

Ìpele 2: Ẹ ka òǹtẹ̀ abẹ́ ọ̀pá

Orúkọ ẹni tó rọ ìbọn, tí wọ́n fín sórí rẹ̀, ni gbogbo ayé máa ń kà. Ohun tí ẹ nílò wà ní abẹ́ ìdí ọ̀pá, níbi pẹrẹsẹ tó máa ń jókòó lé ara ìbọn. Ibẹ̀ ni ilé ìdánwò ìbọn, ti London tàbí ti Birmingham, ti máa ń lu òǹtẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ẹ̀tù tó lágbára ju ti ojoojúmọ́ lọ dán ọ̀pá wò. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wá.

Àkọ́kọ́, lẹ́tà NP tàbí BNP. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín dán an wò. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gbà pé ẹ̀tù dúdú nìkan ni ọ̀pá náà mọ̀, kí ẹ má sì ki katiríìjì òde òní kankan bọ̀ ọ́.

Èkejì, ìwọ̀n ihò. Lára ìbọn 12 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ihò ìbọn ṣe fẹ̀ tó), ẹ lè rí 12, tó dúró fún .729 ínǹṣì, tàbí 13/1, tó dúró fún .719, tàbí 12/1, tó dúró fún .740. Láti ọdún 1954 títí di ọdún 1989, nọ́ńbà náà gan-an ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ ní ínǹṣì, bíi .729; lẹ́yìn ìyẹn, mm ni wọ́n ń fi kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, gígùn ilé ọta. Ínǹṣì 2½, ìyẹn 65 mm, ló wọ́pọ̀ lára ìbọn àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọn kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, alágbẹ̀dẹ ní láti wọ̀n ọ́n. Ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí pé òun ni èèyàn kì í fura sí. Katiríìjì 70 mm máa ń wọ ilé ọta 65 mm wẹ́rẹ́, ìbọn á sì pa dé dáadáa. Gígùn tí wọ́n kọ sára katiríìjì ni gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ bá ti là. Nígbà tí ẹ bá yìn ín, ẹnu tó là náà á nà wọ ọ̀fun ìbọn, á fún ọ̀nà mọ́ ọta, agbára ẹ̀tù á sì ga ju ohun tí ọ̀pá lè gbà. Ọ̀pá tó nípọn lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó ti tín-ínrín kò ní lè fara dà á.

Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà SLEEVED, tàbí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí ọ̀pá ká ní nǹkan bí ínǹṣì 3 sí ìdí, wọ́n ti pààrọ̀ iwájú ọ̀pá yẹn rí.

Bí ara ọ̀pá bá sì ní àwòrán bí omi tó ń rú, Damascus ni. Wọ́n lọ́ irin rírọ̀ àti irin líle mọ́ra bí ẹni ń di irun, wọ́n wé e yí ọ̀pá kan ká, wọ́n sì ń fi iná àti òòlù lù ú títí ó fi di ẹyọ kan. Kò sí irin tó rẹwà tó o lójú mi. Àmọ́ ojú ibi tí irin méjì ti pàdé lè máa dípẹtà láti inú láìhàn síta, nítorí náà ẹ má yìn ín títí alágbẹ̀dẹ tó mọ Damascus yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ya fọ́tò òǹtẹ̀ gbogbo. Bí ẹ bá lè sọ irú ẹ̀tù, ìwọ̀n ihò àti gígùn ilé ọta fún ọ̀pá ọ̀tún àti ti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìpele 3: Ẹ fi ojú àti etí yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ di ìdí ọ̀pá sún mọ́ ojú, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Ẹ rọra gbé e sókè sódò títí òjìji igi àárín fèrèsé yóò fi nà bí ìlà kan láti ẹnu ọ̀pá dé ìdí. Ẹ wá máa yí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀. Ní ibi tí ọ̀pá bá ti dára, ìlà náà á tọ́ bí okùn tí wọ́n fà le. Ní ibi tó bá ti tẹ̀ wọnú, ìlà á ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹ ó sì rí òjìji bí oṣù lẹ́bẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá jẹ́ pé ó wú ni, òrùka dúdú ni ẹ ó rí, yíká gbogbo ihò.

Ẹ fi ọ̀pá ìnubọn wọn bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ẹnu, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ọ níta ní ọ̀gangan ibẹ̀. Ẹ wá fi epo díẹ̀ sí ìka, kí ẹ máa fi ra ara ọ̀pá lóde. Ìka máa ń mọ ohun tí ojú kò rí.

Ó kan etí. Ẹ yọ ohunkóhun tó bá lè máa mì lára ọ̀pá. Ẹ fi okùn so ó rọ̀ láti ìkọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ó má fara kan nǹkan kan, kí ẹ sì fi oríkèé ìka kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pá tó bá dára á dún gbọọrọ bí agogo, ohùn rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó kú. Bí ó bá ń dún fàà bí ìlù tí awọ rẹ̀ ti dẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ti ń tú, òjé tó dì í mú ti jẹrà níbì kan. Omi sì ti ń wọ abẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ọ̀pá padà sára ìbọn, ẹ pa á dé, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi igi iwájú sí i. Ẹ dì í mú, kí ẹ gbìyànjú láti mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń ṣe kẹ̀kẹ̀, tàbí tí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ìdí ọ̀pá àti ojú ara ìbọn, oríkèé rẹ̀ ti jẹ. Ìyẹn jẹ́ àìsàn mìíràn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí alágbẹ̀dẹ ṣe méjèèjì pọ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ rí i pé gbogbo àbùkù ti ní téèpù lára, àti pé ẹ ti kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ẹnu àti ẹ̀gbẹ́ tó wà.

Ìpele 4: Ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Ìpele yìí ló máa sọ bóyá ohun tí mo kọ síwájú yóò ṣe yín láǹfààní.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ń fi ìdá kan nínú 1,000 ínǹṣì ka ìwọ̀n, wọ́n sì ń pè é ní thou. Thou 40 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 mm.

Ẹ kọ́kọ́ wọn fífẹ̀ ihò ní ínǹṣì 9 sí ìdí, ibẹ̀ ni ilé ìdánwò náà ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ fi í wé òǹtẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá jẹ́ 13/1, tí ihò sì ti dé .729, òǹtẹ̀ náà ti kú. Bí ó bá jẹ́ 12, ó ti kú bí ihò bá ti dé .740. Òǹtẹ̀ tí wọ́n kọ ní nọ́ńbà ínǹṣì lẹ́yìn 1954 ti kú bí ihò bá ti fẹ̀ ju òun lọ ní ohun tó lé ní 10 thou. Òǹtẹ̀ tó kú túmọ̀ sí pé ìdánwò ọjọ́un kò ṣojú fún ọ̀pá yìí mọ́.

Ẹ wá wọn ìnípọn ògiri. Láti iwájú ilé ọta dé ẹnu, ẹ wọ̀n ọ́n ní ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ní ibì kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ bá lè dé. Ọwọ́ ni wọ́n fi fá ọ̀pá ayé àtijọ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan lè jẹ́ 35 thou kí ẹ̀gbẹ́ kejì ní ibì kan náà jẹ́ 21. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ gbà.

Láàárín àwọn oníṣòwò ìbọn ní England, 20 thou ni wọ́n máa ń kà sí ààlà, ìyẹn ní apá iwájú ọ̀pá. Bí ẹ bá ṣe ń padà sí ìdí ni irin gbọ́dọ̀ máa nípọn sí i, torí ibẹ̀ ni agbára ẹ̀tù ti pọ̀ jù. Ọ̀pá tó jẹ́ 22 thou ní ínǹṣì 20 sí ìdí lè dára. Bí ó bá jẹ́ 22 ní ínǹṣì 6 sí ìdí, ẹ gbé ìbọn yẹn kọ́ sára ògiri títí alágbẹ̀dẹ yóò fi rí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé ìdí tí ìwọ̀n fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ọ̀pá kan ní òǹtẹ̀ 13/1. Ihò rẹ̀ jẹ́ .726, ibi tó tín-ínrín jù lára rẹ̀ jẹ́ 22 thou, ihò ìpẹtà inú rẹ̀ sì jìn tó 4 thou. Oníbọn fẹ́ kí inú rẹ̀ dán, ó ní kí wọ́n ha á títí ìpẹtà yóò fi tán. Híha 4 thou kúrò yíká á mú kí ihò fẹ̀ sí i ní 8 thou, á di .734. Òǹtẹ̀ ti kú nìyẹn. Ògiri á sì di 18 thou, ó ti kọjá ààlà. Ìbọn tó ṣeé lò láàárọ̀ ti di èyí tí kò ṣeé lò lálẹ́, owó ni wọ́n sì san kí ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju 1 thou lọ yàtọ̀ síra níbì kan, ohun èlò kò jókòó dáadáa níbẹ̀, ẹ tún un wọ̀n.

Ìpele 5: Ẹ fi ìwọ̀n pinnu bí àtúnṣe bá ṣeé ṣe

*Ibi tó tẹ̀ wọnú.* Òun ló rọrùn jù, òun sì ni wọ́n ń bàjẹ́ jù. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ á ki irin kan tó bá ihò mu wẹ́kú lọ sí abẹ́ ibẹ̀, irin náà á máa gbòòrò díẹ̀díẹ̀, òun náà á sì máa fi òòlù bàbà kan ìta rẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ títí ibẹ̀ yóò fi dìde padà sípò. Kò sí irin tó sọnù. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á fá ìta títí ojú kò fi ní rí i mọ́, tàbí kó ha inú. Kí ẹ tó gbé ìbọn sílẹ̀, ẹ bi í léèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa gbé e dìde ni, àbí ẹ máa rẹ́ ẹ?" Bí ó bá ní rírẹ́ ni, ẹ gbé ìbọn yín máa lọ.

Ẹ má yin ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ wọnú pẹ̀lú èrò pé ọta á tì í jáde. Ọta á máa lu ibẹ̀ láti inú, irin á sì nà. Ẹ má sì ki igi tàbí irin gígùn bọ̀ ọ́ láti fi gbọ̀n ọ́n jáde. Bí etí ibi tó tẹ̀ bá mú bí ẹni ṣẹ́ páálí, kí alágbẹ̀dẹ fi gíláàsì wò ó bóyá ó ti sán.

*Ibi tó wú.* Ohun kan ló dí ọ̀nà nígbà tí wọ́n yìn ín: ẹrẹ̀, yìnyín, ìdọ̀tí katiríìjì tó kù sínú rẹ̀, tàbí katiríìjì 20, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti 12 lọ, tí ẹnì kan ki bọ ìbọn 12. Katiríìjì 20 á yọ̀ kọjá ilé ọta, á há sí ọ̀fun, ẹni náà á rò pé òun kò tíì ki nǹkan kan, á sì ki 12 tẹ̀ lé e. Irin tó bá wú ti nà. Bí ó bá kéré, tí ìwọ̀n fi hàn pé ó ṣì nípọn dáadáa, wọ́n lè fi òòlù lù ú padà sórí irin tó wà nínú ihò. Bí ó bá tóbi, tàbí tó ti gbé irin pẹlẹbẹ àárín sókè, ẹ lọ sí Ìpele 6.

*Ihò ìpẹtà.* Bí wọn kò bá jìn, tí wọ́n sì wà ní iwájú, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìbọn tí inú rẹ̀ ní àpá máa ń pa ẹyẹ bákan náà. Ẹ máa nu ún, ẹ máa fi epo sí i. Èyí tó bá wà nínú ilé ọta tàbí lọ́rùn rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù.

*Ibi tó sán.* Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó o. Iná á sọ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di aláìlágbára, ẹ kò sì ní rí i lójú. Ọ̀pá yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

*Irin pẹlẹbẹ tó ń tú.* Òjé rírọ̀, tó ń yọ́ ní nǹkan bí 200 °C, ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ ìpẹtà abẹ́ rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì tún un lẹ̀. Fífi òjé lẹ ẹyọ ibì kan kì í pẹ́ tú, torí iná ibẹ̀ á tún yọ́ òjé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ dúdú tí wọ́n máa ń fún ọ̀pá lẹ́yìn iṣẹ́ ló yẹ kí ẹ ṣọ́ jù. Fún ìbọn òde òní kan, wọ́n ń rì í sínú omi iyọ̀ olóró tó ń hó ní nǹkan bí 140 °C. Omi yẹn á jẹ òjé ìbọn àtijọ́ tán, èyí tó bá sì há sáàárín ọ̀pá méjèèjì á máa jẹ irin láti inú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ sọ ọ́, ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́, pé ìpẹtà díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń fi omi gbígbóná sọ di dúdú, tí wọ́n sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha léraléra, ni ẹ fẹ́. Ó máa ń gba ọjọ́ púpọ̀. Ẹ ní sùúrù fún un.

*Ẹnu tó fọ́.* Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú gé e. Bí wọ́n bá gé e, ibi tí ihò ti fún á bá a lọ, ọta á sì máa fọ́n ká. Ní England, ẹ má jẹ́ kí ọ̀pá kúrú ju ínǹṣì 24 lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin.

Fún èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ pé thou mélòó ni yóò kù níbi tó tín-ínrín jù lẹ́yìn iṣẹ́. Bí kò bá lè dá yín lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà, kò tíì wọ̀n ọ́n.

Ìpele 6: Bí pípààrọ̀ ló kù

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ má ra ọ̀pá tí wọ́n tú lára ìbọn mìíràn, kódà kí ẹni kan náà ló rọ méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi bá ọ̀pá kọ̀ọ̀kan mu pẹ̀lú ara ìbọn tirẹ̀. Wọ́n á fi dúdú èéfín àtùpà kun ojú irin, wọ́n á pa á dé, wọ́n á wo ibi tí dúdú ti ràn, wọ́n á fá ibẹ̀ díẹ̀, títí gbogbo ojú yóò fi jókòó mọ́ra. Ọ̀pá àlejò lè wọlé kó sì pa dé, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò ní fara ti ojú ara ìbọn, ojú yín ló sì wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Wọ́n lè ki ọ̀pá tín-ínrín tuntun bọ inú ti àtijọ́ láti ìdí dé ẹnu, kí ìta rẹ̀ má yí padà. Ilé iṣẹ́ Teague ní England ni wọ́n mọ̀ mọ èyí. Ó dára fún Damascus tí ẹ kò fẹ́ kí ẹwà rẹ̀ sọnù.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gé iwájú ọ̀pá dànù, kí wọ́n fi nǹkan bí ínǹṣì 3 sílẹ̀ ní ìdí, kí wọ́n lu ihò rẹ̀ gbòòrò, kí wọ́n sì fi ọ̀pá tuntun méjì sí i. Ìdí tó bá ara ìbọn mu láti ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn ló fi rọrùn. Bí iṣẹ́ náà bá dára, ẹ ó ní láti wá ojú ibi tí wọ́n ti so ó kí ẹ tó rí i. Iye owó ìbọn á lọ sílẹ̀ lọ́jà, àmọ́ ẹ ó lè yìn ín láìbẹ̀rù. Èyí ni mo ṣe sí ìbọn tí mo sọ lókè, n kò sì kábàámọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá tuntun pátápátá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni, ó sì lè gba oṣù púpọ̀. Ọ̀pá méjèèjì kì í bára wọn rìn ní ìbámu gẹ́lẹ́. Wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ síra wọn díẹ̀ kí ọta wọn lè pàdé ní nǹkan bí yáàdì 40. Ìbọn tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àgbà nìkan ni mo lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe é fún.

Bí ẹ bá ń yàn, ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ fi iṣẹ́ irú rẹ̀ tó ti ṣe rí hàn yín, kí ẹ kàn án bí agogo bí ẹ ṣe kan tiyín.

Ìpele 7: Ilé ìdánwò

Ọ̀pá tí wọ́n bá pààrọ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdánwò. Èyí tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti kú náà gbọ́dọ̀ lọ kí ẹ tó tà á: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ìbọn tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò wà láàyè. Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀pá lè wú tàbí kó fọ́ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ni àdánù yẹn. Ó sàn kó fọ́ níbẹ̀ ju kó fọ́ lọ́wọ́ yín.

Bí ó bá dé, ẹ wá òǹtẹ̀ tuntun ní ibi pẹrẹsẹ abẹ́ ìdí, kí ẹ kà á bí mo ṣe sọ ní Ìpele 2. Ìwọ̀n ihò àti gígùn ilé ọta tuntun ló kàn yín láti ìsinsìnyí lọ.

Ìpele 8: Ọjọ́ tí ìbọn bá padà dé

Ẹ má tíì yìn ín. Ẹ so ó rọ̀, kí ẹ kàn án. Ẹ gbé e síwájú fèrèsé. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbogbo ibi tí ẹ wọ̀n tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi wé ìwé yín. Bí ẹ bá gbé ibi tó tẹ̀ fún wọn láti gbé dìde, tí ìnípọn ibẹ̀ sì ti dín, wọ́n rẹ́ ẹ ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pè wọ́n.

Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ ra katiríìjì tí gígùn rẹ̀ bá ilé ọta mu, èyí tí ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ kò wúwo. Ẹ fi pátákó ńlá tí wọ́n kùn ní funfun sí yáàdì 40, ní ibi tí òfin gbà yín láyè láti yìnbọn, kí ẹ yin ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí àmì kan náà. Ẹ fa òbìrí tó fẹ̀ ní ínǹṣì 30 yí ibi tí ọta pọ̀ sí jù ká. Àárín òbìrí méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síbì kan náà. Bí ọ̀kan bá lọ sókè tí èkejì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá kò tẹ̀ síra wọn bó ṣe yẹ, ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn ọta 25, ẹ tú u, ẹ nu ún, kí ẹ tún gbé e síwájú fèrèsé. Bí ìlà òjìji náà bá ṣì tọ́ láti ẹnu dé ìdí, ẹ kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n náà sínú ìwé yín, kí ẹ sì fi ìwé náà pa mọ́ pẹ̀lú ìbọn, torí ẹni tó bá máa ní in lẹ́yìn yín yóò nílò rẹ̀.